Orúkọ Dùnmínínú Nínú Ìwé Àdúrà

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àwọn ọmọ tó ń kàwé ṣe ń gbé ayé wọn gan-an, kó má wulẹ̀ lọ bi ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́. Pọ́tà ni kó lọ bi. Monínúọlá Bámgbóyè ti ń ṣe pọ́tà láti ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn, ní ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ń gbé nínú ọgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Adó-Èkìtì. Yàrá tó ń jókòó sí kò gbà ju àga méjì, tábìlì kan àti pátákó tí wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ lọ, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ló wà, kò sì sí ẹni tó lè wọlé tàbí kó jáde kí ojú rẹ̀ má tó o. Màmá Pọ́tà ni gbogbo ilé ń pè é. Àwọn tó fẹ́ tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń pè é ní Mọ́mì.

Ojú obìnrin yìí ti rí nǹkan. Ó ti gbé ọmọ tí inú rírun fẹ́ pa sórí ọ̀kadà lọ sí ọsibítù, tó dì í mú láti ẹ̀yìn kó má baà ṣubú. Ó ti la ìjà bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ti la ìjà ọkùnrin. Ó mọ ọmọ tí ebi ń pa tó ń purọ́ pé ààwẹ̀ lòun ń gbà, á sì pè é pé kó wá bá òun jẹ ẹ̀bà tó ṣẹ́kù, bẹ́ẹ̀ ẹ̀bà ọ̀hún ò ṣẹ́kù rárá, oúnjẹ tirẹ̀ gan-an ni. Bí ẹ bá bi í léèrè iṣẹ́ rẹ̀, á ní kọ́kọ́rọ́ lòun ń ṣọ́. Irọ́ gbuu ni. Ọmọ ọlọ́mọ ló ń ṣọ́, owó kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n kàn ń san fún un.

Dùnmínínú jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ọlọ́mọ yìí. Ọdún kejì ló wà, bàólójì ló ń kọ́. Ará Igbemo ni wọ́n. Bàbá rẹ̀ ń gbin ìrẹsì, Títílọpẹ́ ìyá rẹ̀ ń tà á ní Ọjà Ọba ní Adó, nígbàkúùgbà tí ọmọ náà bá sì ti ilé dé, kóńgò ìrẹsì kan ti Màmá Pọ́tà kì í gbẹ́yìn. Ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé ni. Bó tilẹ̀ ń pẹ́ fún kíláàsì, á dúró, á fi eékún méjèèjì kanlẹ̀, á kí i tán kó tó sáré lọ. Ẹ̀rín rẹ̀ a máa ti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wá sí ìsàlẹ̀ láàárọ̀, Màmá á ní Dùnmínínú ti jí nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n wọlé lẹ́yìn ọdún Kérésì, ìrẹsì dé, ẹ̀rín ò bá a dé. Ó kí Màmá lóòótọ́, ó kúnlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibòmíràn lojú rẹ̀ wà. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí Ìtùnúolúwa, ọmọ tí wọ́n jọ ń gbé yàrá, fi wá jókòó sórí àga kejì, ó ní òun ò mọ ohun tó ń ṣe ẹnìkejì òun. Ó ní kì í lọ sí kíláàsì mọ́. Ó ní omi ìwẹ̀ tí òun bá pọn sílẹ̀ fún un, bó ṣe wà náà ni òun ń bá a lọ́jọ́ kejì. Ó ní bó bá ti kọjú sí ògiri láàárọ̀, ibẹ̀ náà ni yóò kọjú sí títí òun á fi ti kíláàsì dé.

Màmá Pọ́tà kọ́kọ́ rò pé oyún ni. Ẹ má bá a wí, bí ọmọbìnrin bá ti ń sùn jù, ibẹ̀ lọkàn gbogbo ìyá ń kọ́kọ́ lọ. Ó gun àtẹ̀gùn lọ bi í. Kì í ṣe oyún. Ó rò pé ọkùnrin kan ló já a sílẹ̀. Kò sí ọkùnrin. Ó ní àbí ó fìdí rẹmi nínú ìdánwò, ọmọ náà bá nawọ́ fóònù rẹ̀ sí i, èsì ìdánwò tó dára ló wà níbẹ̀. Màmá wá dúró sáàárín yàrá. Ó sọ fún un pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Òwe tó dára ni, ṣùgbọ́n òwe kì í la ẹnu ẹni tí agbára àtilanu ti tán lára rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, lọ́sàn-án gangan tí ilé pa rọ́rọ́, Dùnmínínú fúnra rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ wá. Ó jókòó sórí àga kejì. Ó ń fi èékánná ha etí tábìlì, Màmá sì ń díbọ́n pé òun ń to kọ́kọ́rọ́. Nígbà tó yá, ó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ò sì gbọ̀n rárá, ohun tó wá ń dẹ́rù ba ẹni tó ń gbọ́ ọ gan-an nìyẹn.

"Mà, ó rẹ̀ mí. Kì í ṣe pé mo ṣiṣẹ́, ó kàn rẹ̀ mí ni. Tí mo bá sùn lónìí tí mi ò jí mọ́, mi ò rò pé ó máa dùn mí."

Ẹnu Màmá Pọ́tà ò dúró de ọkàn rẹ̀. Ó ní kó má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, ó ní kò ní kú, yíyè ni yóò yè, ó tún bi í pé ṣé ó mọ iye ọmọ tó ń fẹ́ ibi tó wà yìí tí wọn ò rí i. Kó tó sọ ọ́ tán ló ti mọ̀ pé òun ti ṣì í sọ. Ojú ọmọ náà pa dé. Ó ní ẹ ṣé, mà. Ó dìde, ó wá yíjú padà lẹ́nu ọ̀nà, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni, pàápàá ìyá òun, torí pé gbogbo ìgbà tí ìyá òun bá ń gbé ìrẹsì, orúkọ òun ló fi ń gbé e. Màmá ní òun ò ní sọ. Kí ni ì bá tún wí?

Láti ọjọ́ náà ni Màmá Pọ́tà ti ń wá ìmọ̀ràn kiri. Ẹ wá wo bí ìmọ̀ràn ṣe pọ̀ tó nílùú yìí. Nọ́ọ̀sì Adéfúnkẹ́ ní kílíníìkì ní kí wọ́n wo ibà, kí wọ́n fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀. Ọmọkùnrin Màmá fúnra rẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn ní àwọn ọmọ ìwòyí kò kàn le ni, fóònù ló bà wọ́n jẹ́. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìntì, tí òun àti Màmá jọ ń dúró de kẹ̀kẹ́ ní ibùdókọ̀ Fájuyì, ní nígbà tiwọn, ẹsẹ̀ lásán làwọn fi ń rìn lọ sílé ìwé, inú àwọn sì ń dùn. Màmá dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ká ní èmi ni, mi ò ní dúpẹ́.

Ẹnìkan ṣoṣo ló sọ̀rọ̀ tó lórí. Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúndé ni, tí Màmá lọ bá ní àárọ̀ Ọjọ́rú, tó wà ní ọ́fíìsì ìgbaninímọ̀ràn ti kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, òun nìkan fún gbogbo ẹgbẹẹgbẹ̀rún akẹ́kọ̀ọ́. Ó rẹ òun alára. Ìwé tí àwọn ọmọ kọ orúkọ sí láti rí i ti kún di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta síwájú, síbẹ̀ ó ti ilẹ̀kùn, ó ní kí Màmá jókòó, ó sì gbọ́ ọ délẹ̀. Ó ní kò gbọdọ̀ fi ọmọ náà sílẹ̀ ní òun nìkan. Ó ní kó má wàásù fún un, kó kàn máa gbọ́ ni. Ó ní àwọn dókítà wà ní ọsibítù tó jẹ́ pé irú àìsàn yìí gan-an ni iṣẹ́ wọn, òun á kọ ìwé sí wọn. Lẹ́yìn náà ló wá sọ èyí tó le jù.

"Ẹ bi í gbangba, mà, pé ṣé ó ń rò ó láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Bíbi í kọ́ ló máa fi sí i lọ́kàn. Ìlérí tẹ́ ẹ ṣe yẹn ńkọ́, ẹ ò gbọdọ̀ pa á mọ́. Ẹ sọ fún ẹni tó bí i, kó tó di ọ̀la."

Màmá mi orí pé òun ti gbọ́, ó dìde. Láti ọ́fíìsì náà dé ilé akẹ́kọ̀ọ́, ó ń fi ìbéèrè náà kọ́ra bí ọmọdé tó fẹ́ ka àkọ́sórí. Ó gun àtẹ̀gùn. Ó bá Dùnmínínú lórí bẹ́ẹ̀dì, ó jókòó tì í, ó pe orúkọ rẹ̀, ó ní, "Ṣé o ti…" Ahọ́n rẹ̀ kọ̀. Níbi tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ẹnu ìyá kì í da ikú mọ́ orúkọ ọmọ, bí a bá tilẹ̀ fẹ́ sọ ọ́, a ó kọ́kọ́ ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ohun tó wá jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé ṣé ó ti jẹun. Ọmọ náà ní òun ti jẹun. Irọ́ ni, àwọn méjèèjì ló sì mọ̀.

Ó ku ti ìyá ọmọ. Ọjà Ọba kò jìnnà, kẹ̀kẹ́ kan péré ni. Ṣùgbọ́n Màmá rò ó wò. Bí pọ́tà bá yọ sí ìyá lọ́jà láìròtẹ́lẹ̀, òkú ọmọ ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn, ó sì lè ṣubú lulẹ̀ níbẹ̀. Bó bá jẹ́ lórí fóònù, ìyẹn tún burú jù. Ó ní ká kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ Ọlọ́run ná, bí ilẹ̀ bá ti rọ̀, ká wá sọ fún ènìyàn. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa ń sọ ni. Kò sí ẹni tó máa gbọ́ ọ nílùú yìí tó máa ní kò dára.

Ṣọ́ọ̀ṣì Àládùúrà tí Màmá ń lọ kò jìnnà sí ọjà. Lọ́sàn-án Ọjọ́rú ni wọ́n máa ń ṣe ìsìn ìṣẹ́gun, àwọn tó ń tajà á fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún wákàtí kan láti wá. Ìwé ńlá kan wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà, ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tí wọ́n fẹ́ kí ìjọ gbàdúrà fún. Màmá kọ ọ́ pé "ọmọ kan tó rẹ̀." Ìyá Àdúrà Àdùnní, tó ń ṣe ìtọ́jú ìwé náà, tẹ̀ síwájú, ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní àdúrà tí kò lórúkọ dà bí lẹ́tà tí wọn ò kọ àdírẹ́sì sí, ta ni yóò bá a gbé e délé? Ó ní kó kọ orúkọ ọmọ, kó kọ orúkọ ìyá tó bí i, kó sì sọ ohun tó ń ṣe é, kí ìjọ lè mọ ohun tí wọ́n ń bá jà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Bí Màmá fúnra rẹ̀ ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ogún ọdún, fún ọmọ rẹ̀, fún ọkọ rẹ̀ kó tó kú. Ó gba bírò, ó sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Wọ́n kọrin, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá Àdúrà ṣí ìwé, ó ń kà á lókè. Àgàn kan, àwọn tó ń wáṣẹ́ mélòó kan, bàbá kan tí ẹsẹ̀ ń dùn. Lẹ́yìn náà ló kà á pé: "Dùnmínínú ọmọ Títílọpẹ́ oníìrẹsì, ará Igbemo, tó ń kàwé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ẹ̀mí tó ní kó sùn kó má jí mọ́, ìjọ Ọlọ́run, ẹ bá mi lé e jáde." Àmín tí wọ́n ṣe mi ilé. Ohùn Màmá Pọ́tà ló ga jù níbẹ̀, ó ń sunkún, ó gbà gbọ́ pé iṣẹ́ ti ń ṣe. Ìgbà tó lajú ló rí ọmọbìnrin méjì ní ìlà kẹta tí wọ́n yíjú padà wo ara wọn. Ilé tí òun ń ṣọ́ ni wọ́n ń gbé.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kí Màmá tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ẹnu iṣẹ́, ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí fóònù gbogbo ilé. Wọn ò ní ìkà nínú o, ẹ má ṣi mí gbọ́. Àdúrà ni wọ́n ń kọ ránṣẹ́ síra wọn. Àwọn kan ti da òróró sẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, àwọn kan dúró sí kọ́rídọ̀ wọ́n ń bá ẹ̀mí wí, bẹ́ẹ̀ ọmọ tí wọ́n ń gbàdúrà fún wà nínú yàrá, ó ń gbọ́ wọn. Ìtùnúolúwa ti kó bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lọ sí yàrá mìíràn. Ó ní òun ò bá a jà, ẹ̀rù ló ń ba òun.

Ní ìrọ̀lẹ́ ni Dùnmínínú sọ̀kalẹ̀ wá. Kò jókòó. Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé tẹ́ ẹ gbàdúrà fún mi, mà." Ó dìde, ó padà sókè. Bó bá bú u ni, ì bá sàn. Màmá Pọ́tà mọ èébú í gbà, kò mọ bí wọ́n ṣe ń gba irú ọpẹ́ yẹn. Ó gbé àga rẹ̀ lọ sẹ́nu yàrá ọmọ náà, ibẹ̀ ló jókòó sí títí ilẹ̀ fi mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti gbọ́. Wọn ò pe Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúndé sí i, wọn ò pe Màmá. Wọ́n kọ lẹ́tà pé kí ọmọ náà lọ sinmi nílé di ìgbà tí ara rẹ̀ bá yá. Nínú Yorùbá tí mo gbọ́, ìtumọ̀ lẹ́tà yẹn ni pé ohun tó bá fẹ́ ṣẹlẹ̀, kó má ṣẹlẹ̀ nínú ọgbà wa. Wọ́n tẹ ìyá rẹ̀ láago, kò sì pẹ́ tí ìyá fi dé, ìborùn rẹ̀ lọ́rùn, eruku ìrẹsì lára bùbá rẹ̀. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Ó gba lẹ́tà, ó di ẹrù ọmọ rẹ̀, ó sì fi ọmọ náà jókòó sínú kẹ̀kẹ́ tó ń dúró. Ó wá padà wá sí yàrá pọ́tà.

"Màmá Pọ́tà, ẹ kú uṣẹ́ o, ẹ kú ùyà ọmọ ọlọ́mọ. Ó máa ń sọ̀rọ̀ yín fún mi nígbà tó bá wá sí ulé. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ló bá sọ̀rọ̀. Kí ló sọ fún yín?"

Ọ̀nà kan péré ló yẹ kí ìdáhùn gbà. Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúndé ti sọ ọ́, kódà ẹni tí kò lọ sí ilé ìwé mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n Màmá gbójú sókè, ojú rẹ̀ ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ti Dùnmínínú nínú kẹ̀kẹ́, ìtìjú àná sì gún un láyà. Ó ronú pé òun ti da ọmọ yìí lẹ́ẹ̀kan lójú gbogbo ayé, òun ò tún ní dà á lójú ìyá rẹ̀. Ó ní, "Ó ní ó rẹ òun ni." Ìyá ọmọ wò ó. Ó ní ó dáa, ó dúpẹ́, ó wọ kẹ̀kẹ́, wọ́n lọ.

Ẹni tó sọ fún ìjọ ìgbàgbọ́ wá di odi níwájú ìyá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn, Màmá Pọ́tà sì mọ̀ ọ́n kí kẹ̀kẹ́ tó yí kọ́ọ̀nà tán. Ó tẹ nọ́ńbà ìyá náà, kò wọlé. Ó tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà títí, ó tẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì. Ọkàn rẹ̀ ń sọ fún un pé ó ti ṣẹlẹ̀, ọmọ náà ti sùn, kò jí. Kò lè jẹun. Àwọn ọmọ ń béèrè kọ́kọ́rọ́, kọ́kọ́rọ́ ẹlòmíràn ló ń nà sí wọn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó tọrọ àyè lẹ́nu iṣẹ́, ó wọ mọ́tò Igbemo. Ó béèrè ilé Títílọpẹ́ oníìrẹsì, wọ́n sì mú un débẹ̀. Ìrẹsì tí wọ́n sá wà nílẹ̀ lórí tàpólì, adìẹ ń jẹ ẹ́, kò sí ẹni tó ń lé wọn. Ìyá náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilẹ̀kùn yàrá kan tó ṣí sílẹ̀ díẹ̀, àtẹ wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń ṣa òkúta inú ìrẹsì. Màmá Pọ́tà kò lè béèrè. Ìyá náà ló fi ọwọ́ tọ́ka sínú yàrá, ó ní ó ń sùn, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lọ wo bó ṣe ń mí ni.

Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ ohun tí ọmọ náà sọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó sọ ìlérí tó ṣe, ó sọ ohun tí Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúndé ní kó ṣe tí kò ṣe, ó sọ ti ìwé àdúrà. Ìyá náà ń ṣa òkúta, kò dá a dúró. Nígbà tó parí, ó gbé àtẹ sílẹ̀.

"Mo mọ̀," ló wí. "Oníyọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ mi wà ní ṣọ́ọ̀ṣì yín lọ́jọ́ tí wọ́n pe orúkọ mi. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo Ọjà Ọba ló ti ń kí mi kú ìrọ́jú. Kí ọ́fíìsì tó pè mí láàárọ̀, mo ti wà lọ́nà. Ẹ sọ fún Ọlọ́run, ẹ sọ fún ìjọ. Èmi tí mo bí i dúró níwájú yín, mo bi yín, ẹ ní ó rẹ̀ ẹ́ ni."

Màmá Pọ́tà nawọ́ sínú báàgì rẹ̀, ó mú ìwé tí Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúndé kọ sí ọsibítù jáde, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ìyá náà kà á díẹ̀díẹ̀. Ó ní àbúrò bàbá ọmọ náà ti bá àwọn lọ béèrè ní ọsibítù yẹn náà, Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ní kí wọ́n mú un wá, kò sí dókítà ṣáájú ìgbà náà.

Ó sún lórí bẹ́ǹṣì, ó fi àyè sílẹ̀ kí Màmá jókòó. Wọ́n jọ kọjú sí ilẹ̀kùn. Láti inú yàrá, bẹ́ẹ̀dì dún díẹ̀, àwọn méjèèjì sì nàró papọ̀, wọ́n tẹ́tí, títí wọ́n fi gbọ́ tó tún yíra padà.

"Òní ni Sátidé," ni ìyá Dùnmínínú wí. "Ẹ ti tọ́jú ọmọ púpọ̀, Màmá. Báwo ni mo ṣe máa ṣe é dé Ọjọ́bọ̀?"

Màmá Pọ́tà kò mọ̀.